Lẹ́tà sí Àbíkẹ́yìn Mi, Lórí Ìbéèrè Tó Kọ Sétí Ìwé

Ìkọ̀lé-Èkìtì,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Ayọ̀délé ọmọ mi,

Mo kí ọ. Ìyá rẹ kí ọ, ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin náà ní kí n kí ọ. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ níbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ṣí páànù méjì kúrò lórí ilé ìdáná, ṣùgbọ́n káfíńtà ti kàn wọ́n padà. Ewúrẹ́ ìyá rẹ bí mẹ́ta, ọ̀kan kú. Orúnkún mi ṣì ń dùn mí bí ojú ọjọ́ bá tutù.

N kò jókòó kọ lẹ́tà nítorí páànù àti ewúrẹ́. Mo kọ ọ́ nítorí pé láti ọjọ́ kejì oṣù kìn-ín-ní tí o ti gbé báàgì rẹ jáde nínú ilé yìí, n kò gbọ́ ohùn rẹ mọ́. Oṣù mẹ́ta ti kọjá. Mo fi ₦40,000 ránṣẹ́ sí ọ láti orí fóònù mi, owó náà sì padà wọ àkáǹtì mi ní ọjọ́ kẹta, láìsí ọ̀rọ̀ kankan pẹ̀lú rẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé báńkì ló ṣe àṣìṣe, àfi ìgbà tí mo wọ gíláàsì mi tí mo rí orúkọ rẹ lójú fóònù ni mo tó mọ̀ pé ìwọ fúnra rẹ lo dá a padà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ mìíràn tún dé. Mo wà lórí àga onígbàjámọ̀ nígbà tí ọkùnrin kan tó ti ìlú tí o wà dé sọ pé òun rí ọ láàárín àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ iṣẹ́ wọn, tí wọ́n ń sùn lọ́sàn-án tí wọ́n ń jí lóru, tí ọkọ̀ tí wọ́n ń wà sì ju ti àwọn tó ń kọ́ wọn lọ. Ó ní wọ́n sọ fún òun pé o ti fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀. N kò dá a lóhùn. Mo jókòó títí wọ́n fi fá irun mi tán, mo sanwó, mo sì rìn wálé. Láti ọjọ́ náà, ìbéèrè kan ni mo ń gbé sùn, òun náà ni mo sì ń gbé jí: ọmọ tí kò gba owó lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ mọ́, kí ni ó ń jẹ?

Mo mọ ohun tó lé ọ. Níwájú àwọn ẹ̀gbọ́n mi àti àwọn àna ẹ̀gbọ́n rẹ, ẹnì kan bi ọ́ pé ẹ̀kọ́ wo lò ń kọ́, o sì dáhùn pé sosiọ́lọ́jì, ìmọ̀ nípa àwùjọ. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní òfin ni mo rán ọ lọ kà, mo ní àwọn tí òfin bá kọ̀ ni wọ́n ń kó síbẹ̀, mo sì béèrè bóyá ọ̀rọ̀ aládùúgbò ni ènìyàn ń fi ọdún mẹ́rin kọ́. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, ìwọ sì ń wo abọ́ tó wà níwájú rẹ. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, n kò sì dójú ti ọ̀kan nínú wọn rí níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọmọ tèmi ni mo dójú tì.

Síbẹ̀, o kò tíì tó ẹni tí yóò pa fóònù mọ́ ìyá rẹ lójú. Kí ni obìnrin náà ṣe fún ọ? Èmi ni mo sọ̀rọ̀, òun kọ́. Ó ń jí láàárín òru láti wò bóyá o ti pè, ó sì rò pé n kò mọ̀.

O gbàgbé nóòtù rẹ kan sórí tábìlì, ìyá rẹ sì tọ́jú rẹ̀ sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ní òru ọjọ́ tí owó náà padà dé, mo mú un jáde. Ẹ̀yìn rẹ̀ aláwọ̀ búlúù ti ya ní igun kan, epo pupa kán sí ojú ewé kẹrìnlá, ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ sì dà sí apá ọ̀tún gẹ́gẹ́ bí mo ti kọ́ ọ pé kí o má ṣe máa kọ ọ́. Ní ojú ewé kẹrìnlá yẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ Durkheim, onímọ̀ àwùjọ kan ará Faransé, o fi bírò pupa kọ ọ́ sétí ìwé pé: “Bi Bàbá léèrè: ṣé wọ́n ń ṣe àáró nígbà tiwọn? Báwo ló ṣe parí?”

Ìbéèrè lo gbé wálé wá bá mi lọ́dún tuntun, mi ò sì fún ọ láyè kí o bi í. Mo wo ìlà yẹn títí iná fi lọ, mo sì tún tan tọ́ọ̀ṣì wò ó.

N ó dáhùn rẹ̀ nínú lẹ́tà yìí. Ṣùgbọ́n kí n tó dáhùn, mo fẹ́ kí o mọ̀ pé mo ti ka nóòtù náà tán lẹ́ẹ̀mejì, mo sì ti wá àwọn orúkọ inú rẹ̀ lórí fóònù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tí mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ kì í ṣe ohun yẹ̀yẹ́. Auguste Comte ará Faransé ló fún sosiọ́lọ́jì lórúkọ ní nǹkan bí 1838, nígbà tí ìlú rẹ̀ kò tíì fara rọ láti ìgbà tí wọ́n ti dojú ìjọba dé ní 1789, tí wọ́n ti pa ọba tí ogun sì ti jà kọjá, tí kò sí ẹni tó lè sọ ohun tó ṣì so àwọn ènìyàn pọ̀. Ó ní bí a ti ń wo ìràwọ̀ àti ara ẹ̀dá kí a tó sọ̀rọ̀ nípa wọn, bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí a wo àwùjọ pẹ̀lú, kí a fi ọ̀kan wé èkejì, kí a má kàn máa méfò. Ó ní èrò ọmọ ènìyàn ti gba ìpele mẹ́ta: èyí tí a fi ń wá ìdí gbogbo nǹkan lọ sọ́dọ̀ Ọlọ́run àti àwọn òrìṣà, èyí tí a fi ń wá a nínú àròjinlẹ̀ lásán, àti èyí tí à ń fi ìwádìí wá a. Èmi kò gbà pé ìpele àkọ́kọ́ ti kọjá, ìwọ náà mọ ibi tí mo ti ń bọ̀ kí n tó jókòó kọ̀wé yìí, ṣùgbọ́n mo gbà pé ọkùnrin náà béèrè ohun tó yẹ.

Ó sì wú mi lórí pé ó lé ní 450 ọdún ṣáájú Comte tí ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà kan ti béèrè ohun kan náà. Ibn Khaldun, tí wọ́n bí ní Tunis ní 1332, kọ ọ́ ní 1377 pé okùn kan wà tí ń so agbo pọ̀, ó pè é ní asabiyyah: àwọn tó jọ jìyà ní aṣálẹ̀ ni okùn náà máa ń yi lọ́wọ́ wọn, wọ́n á fi gba ìlú, ṣùgbọ́n bí àwọn ọmọ ọmọ wọn bá ti jókòó sínú ìgbádùn, okùn á dẹ̀. Mo rántí àwọn baba wa nínú Èkìtìparapọ̀. Àwọn ìlú tí olúkúlùkù ní ọba tirẹ̀, tí wọn kò sì fẹ́ràn ara wọn púpọ̀, ogun Kírìjí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 ló yi wọ́n pọ̀.

Wàyí o, àáró.

Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ń ṣe é. Bàbá mi wà nínú àáró ẹlẹ́ni mẹ́fà. Oko ẹnì kan lónìí, oko ẹlòmíràn lọ́túnla, títí yóò fi yí ká, kò sì sí ẹni tí yóò kọ ebè púpọ̀ lóko tirẹ̀ kí ó wá kọ díẹ̀ lóko ẹlòmíràn, nítorí kíkà ni wọ́n ń ka ebè. Igba ebè ni ìwọ̀n. O mọ̀ pé ọ̀wẹ̀ yàtọ̀: ọ̀wẹ̀ ni kí ènìyàn bẹ èrò púpọ̀ fún iṣẹ́ ọjọ́ kan, bóyá láti bo ilé tàbí láti ṣe oko àna, kí ó sì fún wọn ní oúnjẹ àti ẹmu. Gbèsè ni àáró ní tirẹ̀, ara sì ni wọ́n fi ń san án.

Mo rí ìdí tí ìbéèrè náà fi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ Durkheim. Nínú ìwé rẹ̀ ti 1893, ó ní ọ̀nà méjì ni àwùjọ fi ń dì mọ́ra. Àkọ́kọ́ ni ti àwọn tó jọra: iṣẹ́ kan náà, ìgbàgbọ́ kan náà, bí ẹnì kan bá ṣẹ̀, gbogbo wọn ni inú wọn á bàjẹ́. Èkejì ni ti àwọn tó yàtọ̀ síra, bí ẹ̀yà ara ti yàtọ̀ síra: télọ̀ kò lè gbin iṣu, àgbẹ̀ kò lè rán aṣọ, àìtó olúkúlùkù ni ó so wọ́n pọ̀. Àáró àwọn bàbá wa jẹ́ ti àkọ́kọ́. Ọkọ́ mẹ́fà tí ó rí bákan náà. Ewu wà nínú ìrìn láti ọ̀nà kìíní sí èkejì, ó ní bí ó bá yá jù, àwọn ènìyàn á wà láìsí òdiwọ̀n, wọn kò ní mọ ohun tó tó fún wọn mọ́. Ní 1897 ó tún kọ ìwé mìíràn, níbi tó ti fi hàn pé kódà ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀, tí gbogbo wa rò pé òun nìkan ló mọ ohun tó ṣe, iye irú wọn ń pọ̀ níbi tí okùn tó so ènìyàn mọ́ agbo rẹ̀ bá ti dẹ̀. Nígbà tí mo ka ibẹ̀, mo pa ìwé dé, mo sì lọ jí ìyá rẹ. Ṣé o ní ẹni tí ò ń bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀? Bí kì í bá ṣe èmi, kí ó jẹ́ ẹlòmíràn.

Àwọn ará Amẹ́ríkà tó tọ ipa ọ̀nà yìí lẹ́yìn rẹ̀, Talcott Parsons àti Robert Merton, ni wọ́n sọ ọ́ di agbo èrò tó gbilẹ̀ ní àárín ọ̀rúndún tó kọjá, agbo àwọn tí ń bi gbogbo nǹkan pé iṣẹ́ wo lò ń ṣe nínú àpapọ̀. Parsons ṣòroó kà, n kò ní parọ́ fún ọ. Merton ni mo fẹ́ràn, nítorí ó ní nǹkan kan ń ṣe iṣẹ́ tó hàn, ó sì ń ṣe iṣẹ́ tó fara sin. Iṣẹ́ tó hàn nínú àáró ni ebè. Èyí tó fara sin ni pé inú àáró ni bàbá mi ti gbọ́ pé wúńdíá kan wà ní ilé ẹni kẹta nínú wọn, wúńdíá náà ló wá bí mi.

Nísinsin yìí, bí ó ṣe parí. Bí ẹni pé òkò lù mí láyà ni bí mo bá rántí rẹ̀, n kò sì sọ ọ́ fún ìyá rẹ pàápàá.

Ní 1975, mo jẹ́ ọmọ ọdún méjìlélógún, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di olùkọ́ ní ìlú tí kò jìnnà sílé, owó Údójì, àfikún owó oṣù tí ìjọba fún àwọn òṣìṣẹ́, sì ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Ara bàbá mi kò yá, ọjọ́ tí yóò ṣiṣẹ́ lóko ẹnì kejì sì kù sí dẹ̀dẹ̀. Ó ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá dúró fún òun ní ọjọ́ kan péré. Bàtà tuntun wà lẹ́sẹ̀ mi nígbà náà. Mo fi owó rán awakọ̀ kan pé kí wọ́n fi wá alágbàro. Alágbàro náà dé lóòótọ́, ó kọ igba ebè rẹ̀ pé, ebè rẹ̀ sì dára ju èyí tí èmi ì bá kọ lọ. Àwọn àgbà kò sọ nǹkan kan. Nígbà tí ó wá kan oko bàbá mi, ẹni méjì péré ló gbé ọkọ́ wá. Àwọn mẹ́ta yòókù fi owó ránṣẹ́.

Bàbá mi dá owó olúkúlùkù padà fún un. Mo wálé ní òpin ọ̀sẹ̀ yẹn, ó wà lórí àga rẹ̀ níta, kò sì bá mi jà. Ohun tó sọ ni pé, “Owó rẹ dé. Ìwọ ńkọ́?”

Àáró náà túká lọ́dún yẹn. Mo mọ̀ pé olùkọ́ rẹ lè sọ fún ọ pé kòkó ló pa àáró, tàbí ilé ìwé, tàbí iṣẹ́ ìjọba, tàbí àwọn alágbàro tó ti ọ̀nà jíjìn wá, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ òótọ́ káàkiri Èkìtì. Ṣùgbọ́n ìwọ béèrè bí ó ṣe parí nígbà tiwa. Nínú agbo ilé wa, ọwọ́ mi ló parí rẹ̀. Kọ ọ́ sínú nóòtù rẹ bẹ́ẹ̀.

Mo sì ti rí i báyìí pé ₦40,000 tí mo fi ránṣẹ́ sí ọ, owó alágbàro náà ni.

Mo ka ti Karl Marx pẹ̀lú ìfura, nítorí nígbà ọ̀dọ́ wa, orúkọ rẹ̀ kì í wọ ilé ṣọ́ọ̀ṣì. Agbo tirẹ̀ kò béèrè ohun tó so ènìyàn pọ̀, ohun tí wọ́n béèrè ni pé ta ló ni ilẹ̀, ta ló ni irinṣẹ́, ta ló ń ṣiṣẹ́, ta sì ni èrè ń lọ sọ́wọ́ rẹ̀. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Engels gbé ìwé pélébé wọn jáde ní 1848, apá kìíní ìwé ńlá rẹ̀ lórí owó òkòwò sì jáde ní 1867. Mo fi ojú wọn wo àáró tí mo fẹ́ràn, mo sì rí ohun tí n kò rí fún àádọ́ta ọdún. Bí ó bá kan oko wa, ìyá mi á jí ní àkùkọ ìdájí, á se iṣu, á gún un fún ọkùnrin mẹ́fà, á rù ú lọ sóko, á sì padà lọ pọn omi. Ọjọ́ àwọn ọkùnrin yí ká. Kò sí ọjọ́ tó kan ìyá mi. Kò sí ẹni tó wá gún iyán fún un rí, a kò sì ka odó mọ́ ebè. Àwọn obìnrin tó wọ inú ìmọ̀ yìí lẹ́yìn ló fi ọwọ́ tó gbóná tọ́ka sí irú èyí, nítorí nóòtù rẹ fi hàn pé Marx pàápàá kò wo inú ilé ìdáná tó bẹ́ẹ̀. Mo ka ibẹ̀ sí ìyá rẹ létí. Ó ní ṣé ìwé ni mo fẹ́ rí i nínú rẹ̀ kí n tó mọ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tó dì mí mú jùlọ lọ́dọ̀ Marx ni bàbá rẹ̀. Heinrich ni orúkọ rẹ̀, agbẹjọ́rò ni ní ìlú Trier ní Jámánì, ó sì fẹ́ kí ọmọ òun náà ka òfin. Karl wọ yunifásítì ní Bonn ní 1835, ó kọjá sí Berlin ní 1836, àwọn lẹ́tà bàbá rẹ̀ sì ń tẹ̀ lé e: èé ṣe tí o kò kọ̀wé, níbo ni owó ń gbà lọ, ara rẹ ńkọ́. Mo rò pé èmi ni mo kọ wọ́n. Ní oṣù kọkànlá 1837, ọmọ náà kọ lẹ́tà gígùn kan padà láti ṣàlàyé pé ìmọ̀ ọgbọ́n orí ti gba òun lọ́kàn. Ní oṣù karùn-ún 1838, bàbá náà kú. Eleanor, ọmọbìnrin Karl, ló sọ pé àwòrán bàbá yẹn kò kúrò lára rẹ̀ títí ó fi di olóògbé ní 1883, Engels sì tẹ́ ẹ sínú pósí rẹ̀.

Ayọ̀délé, mo ti lé ní àádọ́rin ọdún. Má jẹ́ kí ó jẹ́ àwòrán mi ni ìwọ náà yóò máa gbé kiri.

Ti Max Weber ló burú jù, òun náà jẹ́ ọmọ Jámánì, wọ́n bí i ní 1864. Ní 1897, ó bá bàbá rẹ̀ jà nítorí ọ̀nà tí bàbá náà ń gbà lo ìyá rẹ̀, ó sì lé e jáde nínú ilé. Bàbá náà kú ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn, wọn kò sì parí ìjà. Àìsàn ọkàn gbé Weber ṣánlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, fún ọdún púpọ̀ kò lè kọ́ni, ó sì fi ipò ọ̀jọ̀gbọ́n sílẹ̀ ní 1903. Ọkùnrin tó kọ́ gbogbo ayé pé kò tó kí a ka ohun tí ènìyàn ṣe, pé a gbọ́dọ̀ lóye ìtumọ̀ tí ẹni náà fún un nínú ọkàn rẹ̀, òun àti bàbá tirẹ̀ kò rí àyè lóye ara wọn. Nínú iṣẹ́ rẹ̀ ti 1904 àti 1905, ó wo bí ìgbàgbọ́ àwọn Kristẹni kan, tí wọ́n ka iṣẹ́ àṣekára sí ìpè Ọlọ́run, ṣe bá ìrísí òwò òde òní mu. Ó dáhùn Marx níbẹ̀ pé kì í ṣe ikùn nìkan ní ń ti ayé, ohun tí a gbà gbọ́ náà ń tì í.

Nítorí náà mo fẹ́ bi ọ́ bí Weber ì bá ti bi ọ́: nígbà tí o dá owó náà padà, kí ló túmọ̀ sí fún ọ? Ìgbéraga ni mo kọ́kọ́ kà á sí. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, mo sì kà á sí owó tó pọ̀ lọ́wọ́ ọmọdé. Nígbà tí mo rántí bàbá mi lórí àga rẹ̀ ni mo tó kà á sí ohun mìíràn. N kò mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìwọ nìkan lo lè sọ ọ́.

N ó sọ ọ̀rọ̀ jìbìtì náà tààrà, nítorí bí mo bá pa á mọ́, inú mi ni yóò jẹ. Merton kọ ọ́ ní 1938 pé àwùjọ kan lè na ìka sí ohun kan pé gbogbo ènìyàn gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀, kí ó sì di ojú ọ̀nà mọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn, pé àwọn kan á gba ohun tí wọ́n ní kí wọ́n lépa, wọ́n á sì la ọ̀nà ẹ̀bùrú tiwọn lọ síbẹ̀. Mo dúró lórí gbólóhùn yẹn fún ìgbà pípẹ́. Ta ló na ìka náà? Nígbà tí ọmọkùnrin tí a kò mọ iṣẹ́ rẹ̀ ṣe ìdúpẹ́ ní ìlú yìí lọ́dún tó kọjá, a fi í sí àga iwájú, mo sì wà lára àwọn tó dìde fún un. Mo jẹ nínú ẹran tó pa. Padà dé ilé, mo sọ fún ọ lójú oúnjẹ alẹ́ pé ẹgbẹ́ rẹ ti ń kọ́lé. Mo sọ ọ́, mo rántí bí o ṣe gbójú sókè.

Ṣùgbọ́n gbọ́ mi dáadáa. Àlàyé Merton kì í ṣe ìyọ̀ǹda. Bí o bá ti fi ọwọ́ kan owó tí obìnrin opó kan ń sunkún lé lórí ní ilẹ̀ òkèèrè, kò sí ìwé tí yóò wẹ̀ ọ́ mọ́ lójú mi, n kò sì ní dìde fún ọ. Ṣé o gbọ́? Bí o kò bá sì fọwọ́ kàn án, tí ó jẹ́ pé inú yàrá wọn lo kàn ń sùn nítorí pé owó ilé gbígbé ti tán lọ́wọ́ rẹ, kó ẹrù rẹ jáde níbẹ̀ lónìí. Ẹni tí a ń pè lólè kì í gbé ọmọ ẹran jó.

Àwọn agbo kẹta nínú nóòtù rẹ ni wọ́n mú kí n máa bẹ̀rù ẹnu àwọn ará ìlú, àti ẹnu tèmi náà. Charles Cooley kọ ọ́ ní 1902 pé ojú àwọn ẹlòmíràn ni dígí tí ènìyàn fi ń wo ara rẹ̀. George Herbert Mead kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní Chicago pé inú ìbánisọ̀rọ̀ ni ènìyàn ti ń di ẹni tó jẹ́, ó kú ní 1931, àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ̀ ló kó nóòtù wọn jọ tí wọ́n fi tẹ ìwé rẹ̀ ní 1934. Herbert Blumer ló wá fún agbo náà lórúkọ ní 1937. Wọn kò wo òkè bí àwọn Durkheim àti Marx, ojúkojú ni wọ́n ń wo ènìyàn, bí a ti ń kíni, bí a ti ń pe ara wa lórúkọ, ohun tí ẹ̀rín ń sọ. Mo ronú lórí ẹ̀rín ọjọ́ kejì ọdún tuntun. Bí dígí bá wà nínú ilé yìí, èmi ni mo gbé e dání lọ́jọ́ yẹn, ohun tí mo sì fi hàn ọ́ nínú rẹ̀ ni ọmọ tí òfin kọ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ ní kí n béèrè bóyá o ṣì ní búláńkẹ́ẹ̀tì. Mo béèrè.

Ohun kan wà tí mo bínú pé ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi ní gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ni. Nathaniel Fadipe, ọmọ Yorùbá, ti gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú iṣẹ́ tó parí ní 1939 lórí ìgbé ayé àwa Yorùbá: ìgbéyàwó, agbo ilé, iṣẹ́, ìjọba. Ó kú ní 1944, ìwé náà kò sì jáde títí di 1970 tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní Ìbàdàn. Akinsola Akiwowo ní Ifẹ̀ wá lọ sínú ẹsẹ Ifá, ó mú àsùwàdà jáde nínú rẹ̀, pé ìṣùjọ ni gbogbo ohun tó wà fi ń wà, ó sì gbé e kalẹ̀ níwájú àwọn onímọ̀ àgbáyé ní 1986 gẹ́gẹ́ bí ìpìlẹ̀ ìmọ̀ yìí láti ẹnu tiwa. Ṣáájú ìyẹn, ní 1980, ó ti sọ̀rọ̀ lórí àjọbí àti àjọgbé. O fa ìlà sí abẹ́ ọ̀rọ̀ méjèèjì lẹ́ẹ̀mejì. Àjọbí ni ẹ̀jẹ̀, àjọgbé ni ibùgbé. Èmi gbójú lé àjọbí nìkan, mo rò pé ẹ̀jẹ̀ tó wà láàárín wa tó, pé ohun yòówù tí mo bá sọ, ọmọ mi ni ọ́. Ọdún mélòó ni a fi gbé inú ilé kan tí n kò fi bi ọ́ pé kí lò ń rò?

N kò ní fi owó náà ránṣẹ́ mọ́. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni n ó wọ ọkọ̀ àkọ́kọ́ ní gáréèjì, orúnkún mi á gbà á. Ìyá rẹ ti kó iṣu méje àti ìgò epo kan sínú àpò. Ọmọ ìjọ wa tó gbé lẹ́tà yìí fún ọ yóò sọ fún mi ibi tí o ní kí n ti pàdé rẹ. Bí o kò bá sọ ibì kankan, n ó dúró ní ẹnu géètì ilé ẹ̀kọ́ rẹ láti ọ̀sán títí di ìgbà tí ilẹ̀ bá ṣú, n ó sì tún wá ní ọjọ́ kejì. N ó mú nóòtù rẹ dání. Àyè wà lábẹ́ ìbéèrè tí o fi bírò pupa kọ, mo sì ronú pé kí n kọ ìdáhùn sí i, ṣùgbọ́n ìwé rẹ ni, n kò kọ nǹkan kan sí i. Mú bírò wá.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.